Àdúrà Ìjọ ní Ọjọ́ Ìsinmi: Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ọ́, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Darí Rẹ̀

Pásítọ̀ ti wàásù tán, a ti kọrin, wọ́n wá pe ẹni tí yóò darí Àdúrà Ìjọ. Ó dìde, ó dijú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó bá ti wá sí i lẹ́nu. Ó dúpẹ́ pé a jí sáyé, ó gbàdúrà fún ìjọba, ó tún padà síbi ọpẹ́, ó rántí ìwàásù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù náà lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí yóò fi tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ọmọdé ti jókòó, àwọn àgbà ń fi ẹsẹ̀ kan sinmi èkejì. Ó wá parí, gbogbo wa ṣe Àmín, ẹni tí ìyá rẹ̀ wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn sì jókòó pẹ̀lú omijé lójú, nítorí ẹnikẹ́ni kò rántí ìyá rẹ̀.

Mo ti rí i kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ní ìjọ Lutheran kékeré tí mò ń jọ́sìn níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì ti ọwọ́ èmi náà wáyé. Kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣe é kò mọ àdúrà gbà. Àwọn mìíràn nínú wọn wà lórí eékún ní aago mẹ́rin ìdájí lójoojúmọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àdúrà inú yàrá ni wọ́n gbé wá sí iwájú pẹpẹ. Àdúrà Ìjọ kì í ṣe ti ẹni tó ń kà á. Ti gbogbo ẹni tó dúró sínú ilé náà ni, ẹnu yín ni wọ́n kàn yá. Pọ́ọ̀lù bi àwọn ará Kọ́ríńtì léèrè pé báwo ni ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ wí yóò ṣe ṣe Àmín sí i. Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń yẹ gbogbo ìlà tí mo bá kọ wò.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kí ẹ kọ ọ́. Àwọn kan á ní àdúrà tí a kọ sínú ìwé kò ní Ẹ̀mí. Ẹ bi wọ́n bóyá Sáàmù kò ní Ẹ̀mí. Luther pàápàá, ẹni tí ìjọ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kọ àdúrà òwúrọ̀ àti ti alẹ́ sínú Katikísímù Kékeré, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tó kọ ní ọdún 1529, kí bàbá àti ìyá nínú ilé lè rí ohun tí wọn yóò fi kọ́ ọmọ wọn. Ẹ̀mí tó lè bà lé yín níwájú pẹpẹ lè bà lé yín nídìí tábìlì yín ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì.

Ohun tí ẹ nílò

Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ kò ní fi ṣe nǹkan mìíràn, àti bírò. Bíbélì. Àwọn ẹ̀kọ́ kíkà ti ọjọ́ náà. Ẹ gbà á lọ́wọ́ pásítọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹ má jẹ́ kó di alẹ́ Àbámẹ́ta. Katikísímù Kékeré. Kàlẹ́ńdà ìjọ, kí ẹ lè mọ̀ bóyá Ádífẹ́ǹtì la wà, tàbí Lẹ́ńtì, tàbí àwọn ọ̀sẹ̀ gígùn lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan. Aago. Lẹ́yìn náà, ènìyàn méjì: ẹnì kan tó mọ ilé àwọn ọmọ ìjọ, àti ẹnì kan tí yóò jókòó gbọ́ yín ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí kò sì ní pọ́n yín lé.

Ìgbésẹ̀ 1: Láti Ọjọ́bọ̀, ẹ kó orúkọ jọ

Ẹ pe alàgbà tàbí ìyá ìjọ tó máa ń bẹ ilé àwọn ènìyàn wò. Ẹ bi í ní ohun márùn-ún yìí. Ta ni ara rẹ̀ kò yá? Ta ló bímọ tàbí tó ń retí ọmọ? Ta ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀? Ta ló wà lórí ìrìn? Ta ni a kò rí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ìbéèrè karùn-ún yìí ni wọ́n máa ń fò jù, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń gbé orúkọ tó nílò àdúrà jù lọ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé kò tíì pé lọ́wọ́ rẹ̀ kì í wá sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn máa ń dẹ́kun wíwá ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe ẹni tí ọ̀ràn kàn fúnra rẹ̀. Ìbéèrè méjì péré ni: “Ṣé kí n dárúkọ yín?” àti “Kí lẹ fẹ́ kí ìjọ bá yín bẹ̀ Olúwa fún?” Ẹ kọ ìdáhùn náà bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ìkìlọ̀. Ibí yìí ni mo ti ṣubú. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, màmá kan nínú ìjọ lọ ṣe àyẹ̀wò, aládùúgbò rẹ̀ sì fi ohun tí wọ́n rí tó mi létí. Inú rere ló mú mi gbé e lọ sínú àdúrà. Mo dárúkọ rẹ̀, mo sì dárúkọ àìsàn náà níwájú gbogbo ìjọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọn kò fi wá mọ́. Nígbà tí mo lọ bá wọn nílé ní Ìlóde, ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà nínú atẹ lórí itan. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì ń bá ẹ̀wà wọn lọ, wọn kò gbé ojú sókè. Òkúta kan, wọ́n jù ú sílẹ̀. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ, wọ́n jù ú sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní: “Ẹ gbàdúrà fún mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tú mi síta.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dárí jì mí, wọ́n sì padà wá, àmọ́ láti ọjọ́ náà, n kì í mú ọ̀rọ̀ aládùúgbò lọ síwájú pẹpẹ mọ́.

Òfin Kẹjọ ni mo rú, bí àwa Lutheran ṣe ń kà á: má ṣe jẹ́rìí èké. Nínú Katikísímù, Luther ní kì í ṣe irọ́ nìkan ni òfin náà lòdì sí: kí a má dalẹ̀ ọmọnìkejì wa, kí a má bà á lórúkọ jẹ́, kí a gbèjà rẹ̀, kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní rere, kí a sì fi ojú tó dára jù wo gbogbo ọ̀ràn rẹ̀. Àdúrà kì í sọ òfófó di ohun mímọ́.

Nítorí náà, ẹ fa ìlà sí ojú ewé yín kó pín sí mẹ́ta. Ní apá kìíní, àwọn tí ẹ ó dárúkọ. Ní apá kejì, àwọn tí ìjọ yóò gbàdúrà fún láìdárúkọ wọn: “ẹni tó ń wá iṣẹ́ láàárín wa”, “ilé tí àlàáfíà ti kúrò níbẹ̀”. Ní apá kẹta, àwọn tí ẹ̀yin nìkan yóò máa rántí nínú yàrá yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ìka lé orúkọ kọ̀ọ̀kan ní apá kìíní, kí ẹ sì sọ ẹni tó fún yín láyè àti ọjọ́ tó fún yín. Èyí tí ẹ kò bá lè dáhùn, ẹ gbé e lọ sí apá kejì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kí Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣílẹ̀kùn

Ní ọdún 1535, Luther kọ lẹ́tà sí Peter, onígbàjámọ̀ rẹ̀, tó bi í léèrè bí ènìyàn ṣe lè gbàdúrà. Ó ní òun máa ń mú òfin kọ̀ọ̀kan, òun á sì hun ún bí adé òdòdó olókùn mẹ́rin: kí ni ó kọ́ mi, kí ni mo ní láti dúpẹ́ fún, kí ni mo ní láti jẹ́wọ́, kí ni mo ní láti bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí Ìhìnrere tí a ó kà lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú Lúùkù 17, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àlejò ló padà wá dúpẹ́. Ọpẹ́ wa ni pé Jésù kò yan ẹni tí yóò wò sàn. Ìjẹ́wọ́ wa ni pé a wà lára àwọn mẹ́sàn-án. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kó yí ẹsẹ̀ wa padà. Ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ yín ti délẹ̀ nìyẹn.

Ìkìlọ̀: gbólóhùn kan sí méjì ló tó. Tí ẹ bá rí i pé ẹ ti ń ṣàlàyé fún ìjọ dípò kí ẹ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ìwàásù lẹ ń ṣe, pásítọ̀ sì ti ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ to àwọn ẹ̀bẹ̀ náà

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́fà ti tó. Bí mo ṣe ń tò ó rèé: Ìjọ Ọlọ́run káàkiri ayé àti àwọn tó ń wàásù, àwọn aláṣẹ àti àlàáfíà orílẹ̀-èdè, ìlú wa àti iṣẹ́ ọwọ́ wa, àwọn aláìsàn àti àwọn tó wà nínú ìpọ́njú, agbo ilé ìjọ wa (ìbí, ìgbéyàwó, ìrìn àjò), lẹ́yìn náà, ọpẹ́ fún àwọn tó ti sùn nínú Olúwa.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ìkẹyìn yẹn, nítorí àwọn ènìyàn máa ń ṣì í ṣe nígbà ọ̀fọ̀. Ìjẹ́wọ́ Augsburg ti ọdún 1530, ìwé tí àwa Lutheran fi ń jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wa, ní abala kọkànlélógún, kọ́ wa pé kí a máa rántí àwọn ẹni mímọ́ kí ìgbàgbọ́ wa lè lágbára, ṣùgbọ́n kí a má ṣe ké pè wọ́n fún ìrànlọ́wọ́. Nílẹ̀ wa, ó rọrùn kí ahọ́n yọ̀ lọ síbi “Bàbá, ẹ má sùn o, ẹ máa bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ yín”. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, mo mọ̀, mo sì ti sọ ọ́ rí létí sàréè. Ṣùgbọ́n níwájú pẹpẹ, Olúwa nìkan là ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún bàbá náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tu àwọn tó kù nínú, kí ẹ sì dárúkọ àjíǹde.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ ẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà mẹ́rin sí márùn-ún

Iṣẹ́ gan-an wà níbí, ẹ má kánjú. Àwọn àdúrà kúkúrú tí a máa ń gbà ṣáájú ẹ̀kọ́ kíkà ní Ọjọ́ Ìsinmi ní egungun kan nínú tí kì í yí padà, egungun yẹn náà ni kí ẹ lò. Ẹ pe Ọlọ́run. Ẹ rán an létí ohun tó ti ṣe tàbí irú ẹni tó jẹ́. Ẹ béèrè ohun kan. Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè rẹ̀. Ẹ fi orúkọ Jésù tì í.

Ẹ wo bí a ṣe sábà máa ń gba àdúrà fún aláìsàn:

“Olúwa, ìwọ náà rí i, lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá ni wọ́n sáré gbé màmá wa lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí ibùsùn, ìgbà tó yá ni wọ́n rí ọ̀kan, dókítà tún ní kí wọ́n lọ ra oògùn níta, àwọn ọmọ sì ń sáré kiri, Olúwa, jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ẹ̀mí ó bọ́…”

Ìròyìn ni. Ọlọ́run wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè. Ìjọ là ń ròyìn fún, a kàn di ojú wa ni. Ẹ wá wo egungun márùn-ún náà:

“Baba aláàánú, ìwọ tí o gbọ́ ohùn Hánà nígbà tó jẹ́ pé ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, wo màmá wa tó wà lórí ibùsùn àìsàn. Fún wọn ní oorun lálẹ́ òní, fi ọgbọ́n sí ọwọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, di àwọn ọmọ wọn mú, kí a lè jọ yìn ọ́ nínú ilé yìí. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa.”

Gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ohun tí èyí béèrè pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ kíyè sí “oorun lálẹ́ òní”. Ẹni tó bá ti sun ilé ìwòsàn rí, tí aláìsàn ń kérora lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, mọ ohun tí oorun jẹ́. Ohun kan tó ṣe pàtó máa ń mú kí ènìyàn ṣe Àmín tọkàntọkàn. “Bùkún wọn, ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣe é ní ọ̀nà àrà” kì í fi nǹkan kan lé ìjọ lọ́wọ́.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni ìlà kejì, ibi tí a ti ń rán Ọlọ́run létí. Ọ̀pọ̀ a máa fò ó, nítorí ó gba pé kí ènìyàn mọ Bíbélì rẹ̀. Ẹ fi sùúrù wá a. Fún ìrìn àjò: Ọlọ́run tó bá Jékọ́bù sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà nígbà tí òkúta jẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Fún opó: ẹni tó mú kí òróró ilé opó Sáréfátì má tán. Fún ẹni tó ń wá iṣẹ́: onílé tó jáde lọ sí ọjà ní wákàtí kọkànlá, tó sì tún rí àwọn tí kò sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹ ní ojú ewé kan lẹ́yìn ìwé yín tí ẹ ó máa kọ irú èyí sí. Tó bá fi máa di ọdún kan, ẹ kò ní máa wá a kiri mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò parí síbi tí ìjọ yóò ti dáhùn. Ẹ̀yin á wí pé, “Olúwa, nínú àánú rẹ,” ìjọ á dáhùn pé, “Gbọ́ àdúrà wa.” Ọ̀kan náà ni kí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá ń yí ìdáhùn padà lọ́nà ń mú kí àwọn ènìyàn máa ronú nípa ohun tí wọ́n máa sọ, wọn kò ní gbọ́ ohun tí à ń béèrè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tó jẹ́ ìbéèrè nínú ẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan: fún, wo, dá padà, tù nínú. Bí ẹ̀bẹ̀ kan kò bá ní ọ̀kankan, ìfilọ̀ ni, kì í ṣe àdúrà. Bó bá ní ju mẹ́rin lọ, ẹ pín in, tàbí kí ẹ dín in kù.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi “oúnjẹ òòjọ́” jọ̀ ọ́

Ẹ ṣí Katikísímù sí ẹ̀bẹ̀ kẹrin inú Àdúrà Olúwa. Luther béèrè ohun tí oúnjẹ òòjọ́ jẹ́, ó sì dáhùn: oúnjẹ, ohun mímu, aṣọ, bàtà, ilé, oko, ẹran ọ̀sìn, owó, ọkọ tàbí aya rere, ọmọ rere, ìjọba rere, ojú ọjọ́ tó dára, àlàáfíà, ìlera, ọ̀rẹ́ tòótọ́, aládùúgbò rere. Ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ara yín pé èwo ló ń dun Ilé-Ifẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ojú ọjọ́, fún àpẹẹrẹ. Nínú ìjọ wa, àwọn àgbẹ̀ kòkó wà. Ní oṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n ń retí, ẹ bá wọn bẹ̀bẹ̀ fún òjò. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù keje, tí òjò ti rọ̀ títí, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú máa ń tàn ká nínú oko tí kò rí oòrùn. Ẹni tó bá wá dúró lóṣù náà tó ní “Olúwa, rọ òjò sí i”, àgbẹ̀ tó wà lórí bẹ́ǹṣì kò ní lè ṣe Àmín sí i. Oòrùn ló ń tọrọ. Bákan náà, ẹ mọ ìgbà tí ìdánwò wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ mọ ìgbà tí àwọn olùkọ́ wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ẹ mọ ìgbà tí àwọn agùnbánirọ̀ tuntun dé, nítorí àwọn mìíràn nínú wọn kò mọ ẹnì kankan nílùú yìí yàtọ̀ sí wa. Ẹ rántí àwọn ìyá tó ń tajà ní Odò-Ògbé nígbà tí owó ọkọ̀ bá tún gbé ẹnu sókè.

Ìgbésẹ̀ 6: Àwọn ẹ̀bẹ̀ tó lè da ìjọ rú

Mẹ́ta ni.

Àkọ́kọ́, àlàáfíà ìlú. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó wáyé láàárín 1997 sí 2000 ṣì ń dun àwọn kan láàárín wa, àwọn mìíràn kò sì tíì gbàgbé ìjà Yorùbá àti Haúsá tó ṣẹlẹ̀ ní Sábó ní oṣù kẹta ọdún 2017. Ọmọ Ifẹ̀ wà nínú ìjọ, ọmọ Modákẹ́kẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ará Adamawa tó ń sọ Haúsá wà níbẹ̀, wọ́n á sì jọ kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ kan náà. Tí ẹ bá ní “gbà wá lọ́wọ́ wọn”, ẹ ti pín ìjọ sí méjì kí ẹ tó mí. Ẹ máa lo “àwa” tó gba gbogbo wa: “Mú ìbínú kúrò lọ́kàn wa, kọ́ àwọn ọmọ wa ní ohun tó dára ju ohun tí ojú wa rí lọ.” Jeremáyà sọ fún àwọn tó wà ní ìgbèkùn pé kí wọ́n máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n ń gbé, Bábílónì sì ni ìlú náà. Fún ìdí yìí, nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, ẹ má fi àdúrà bú àwọn aládùúgbò wa. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ààbò gbogbo ẹni tó wọ̀lú.

Èkejì, àwọn aláṣẹ. Tímótì Kìíní 2 pa á láṣẹ, a kò lè fò ó. Ẹ dárúkọ ipò: ààrẹ, gómìnà, Ọọ̀ni àti àwọn ìjòyè, adájọ́, ọlọ́pàá. Ẹ má dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Nígbà ìbò, ẹ béèrè fún òtítọ́ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má béèrè fún ẹni tí yóò wọlé.

Ẹ̀kẹta ló le jù: ọ̀tá. Gbogbo wa ti gbọ́ àdúrà “kí ó kú” láti ilé ìjọsìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ó sì ti wọ etí wa débi pé ó máa ń jáde láìmọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló wà nídìí rẹ̀, n kò sì fojú tín-ínrín ẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kàn mọ́gi tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tó kàn án là ń pè ní Olúwa. Ẹ ronú pẹ̀lú sí ìyá àgbà tó wà lórí bẹ́ǹṣì, tí àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ ti ń pè ní àjẹ́ nílé. Tí ẹ bá ní “gbogbo àgbà tó ń dí wa lọ́wọ́”, òun ni gbogbo ojú yóò yí sí. Ẹ béèrè fún ààbò kúrò lọ́wọ́ ibi, bí Àdúrà Olúwa ṣe béèrè rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run yí ọkàn àwọn tó kórìíra wa padà, àti tiwa tó kórìíra wọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka àwọn ẹ̀bẹ̀ yìí bí ẹni pé ẹ̀yin lẹni tí ó ṣeé ṣe kó dun jù. Ṣé ẹ lè dáhùn “Gbọ́ àdúrà wa” láìdi eyín?

Ìgbésẹ̀ 7: Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ kà á sókè

Ẹ dìde dúró, ẹ kà á fún ẹni yẹn tí kò ní pọ́n yín lé. Ẹ wo aago. Ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí mẹ́fà tí orúkọ bá pọ̀. Ibi tí èémí yín bá ti já, gbólóhùn náà gùn jù, ẹ gé e. Ibi tí olùgbọ́ yín bá ti béèrè pé “kí lẹ wí?”, ẹ tún un kọ, ẹ má ṣàlàyé.

Ẹ fi àmì sórí àwọn orúkọ. Àwọn ìjọ Lutheran ní gbòǹgbò jíjinlẹ̀ ní Akwa Ibom àti ní Adamawa, nítorí náà àwọn ará wa láti ọ̀nà ibẹ̀ sábà máa ń wà láàárín wa, orúkọ wọn sì ní ohùn tirẹ̀ bíi ti Yorùbá. Ẹ pè é fún ẹni tó ni ín kó tọ́ yín sọ́nà. Mo rí ojú arákùnrin kan lọ́jọ́ tí a pe orúkọ ìyá rẹ̀ tó ṣaláìsí bó ṣe yẹ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé orí sókè lójijì, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ pè é láti ẹnu ọ̀nà. Bí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa bá pọ̀, ẹ kọ́ wọn ní ìdáhùn náà kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, kò ṣòro.

Tó bá jẹ́ Lẹ́ńtì, ẹ yọ gbogbo “Alelúyà” tó bá yọ́ wọlé. Ẹ fi pamọ́ de Àjíǹde.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọjọ́ Ìsinmi gan-an

Àdúrà Ìjọ wà lẹ́yìn ìwàásù, ṣáájú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹ ti máa rìn síwájú nígbà tí orin tó ṣáájú rẹ̀ bá ku ẹsẹ kan, kí ìjọ má máa dúró dè yín. Ẹ gbé ẹnu jìnnà díẹ̀ sí maìkì. Ẹ ní, “Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà,” kí ẹ sì dákẹ́ fún èémí mẹ́ta. Ẹ má bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí. Ibẹ̀ ni ìjọ ti ń kó ọkàn wọn jọ.

Lẹ́yìn orúkọ àwọn aláìsàn, ẹ tún dákẹ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè dárúkọ tirẹ̀ sínú. Tí iná bá lọ tí maìkì sì kú, ẹ gbé ohùn sókè, ẹ máa bá a lọ. Tí ẹnì kan bá na ìwé pélébé sí yín lójijì, tí orúkọ wà nínú rẹ̀, ẹ gbà á, ẹ kà á sí “àti gbogbo àwọn tí ọkàn wa ń rántí”, kí ẹ sì bi onítọ̀hún léèrè lẹ́yìn ìsìn. Ẹ má kà á sókè láìmọ ẹni tó fún un láyè.

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn níbí: ẹ má fi nǹkan kún un. Ìgbà tí ìjọ bá ń dáhùn kíkankíkan ni ọkàn máa ń sọ pé kí ènìyàn tẹ̀síwájú. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ, ẹ ṣe Àmín, ẹ padà sí àyè yín. Nínú Katikísímù, “bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí” ni Àmín túmọ̀ sí, ó sì tó láti parí rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fetí sí Àmín náà. Bó bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n bá yín dé ibẹ̀. Bó bá ń já wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tí wọ́n ti sọnù. Ẹ fi àmì sí i nínú ìwé yín nígbà tí ẹ ṣì rántí.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọjọ́ Ajé

Ẹ pe àwọn tí ẹ dárúkọ, tàbí kí ẹ lọ kí wọn. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: “A rántí yín lánàá o. Báwo lara?” Ẹ pín in fún àwọn ẹlòmíràn bí orúkọ bá pọ̀, ẹgbẹ́ obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi ayọ̀ gba iṣẹ́ yìí tí wọ́n bá mọ ẹni tí wọ́n ń lọ bá. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, ẹ gbé orúkọ rẹ̀ láti ibi ẹ̀bẹ̀ lọ síbi ọpẹ́, ẹ má kàn pa á rẹ́. Ìjọ tó bẹ̀bẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìdáhùn. Aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ ti di oṣù mẹ́fà ńkọ́? Ẹ má yọ ọ́ nítorí pé ó ti pẹ́. Ẹ lọ bi í ní ìbéèrè kejì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ohun tó ń fẹ́ kí a bá òun bẹ̀bẹ̀ fún lè ti yí padà.

Tí ẹ bá tún ṣí ìwé náà ní Ọjọ́bọ̀, ó yẹ kí ọjọ́ kan wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí ẹnì kan pè é, tàbí tó lọ kí i. Èyí tí iwájú rẹ̀ bá ṣófo ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.